Ṣòkòtò Bàbá Ọláníyì Lẹ́yìn Kónílé-ó-gbélé

Lọ́jọ́ tí ìjọba ní ká máa jáde lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé kòrónà, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi tán ní Sabon Gari lókè Ọya, èrò ti ń dúró dè mí. Mo rò pé aṣọ tuntun ni wọ́n fẹ́ rán. Irọ́ ni! Aṣọ àtijọ́ ni gbogbo wọn dì mọ́ abíyá. Wọ́n ti sanra. Wọ́n jẹ, wọ́n sùn, wọn ò sì rí ibi kankan rìn dé.

Mama Blessing, oníbàárà mi láti Yankaba, fìbínú wọlé. "Ìyá Rùkáyá, this gown don shrink o! Irú òwú wo lẹ fi rán an?"

"Ẹjọ́ òwú kọ́, Mama Blessing. Ìkòkò ọbẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ bi."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mo fi abẹ́ tú ẹ̀gbẹ́ gáùn náà. Aṣọ díẹ̀ máa ń kù nínú ojú rírán, òun làwa télọ̀ ń pè ní aláwáǹsì. Òun la máa ń tú sílẹ̀ bí ara oníbàárà bá fẹ̀ sí i. Mo tú, mo tú, títí ọwọ́ mi fi ń ṣiṣẹ́ ṣáájú ojú. Nígbà tí Bàbá Ọláníyì kó àwọn ṣòkòtò rẹ̀ kalẹ̀, mo ti tú ọ̀kan kó tó la ẹnu.

"Ìyá Rùkáyá," ó ní, "mo fẹ́ kí o dín wọn kù ni."

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í yé sọ pé ká wo ojú oníbàárà ká tó wo aṣọ rẹ̀. Mo wá gbójú sókè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ti wọnú. Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, ilé bàbá rẹ̀ ló ṣì ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Kòrónà kù díẹ̀ kó dé nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Nígbà tí kálukú ti ilẹ̀kùn mọ́rí, òun nìkan ló wà nínú ilé náà. Mo na téèpù yí i nídìí.

"Bàbá, kí lẹ ń jẹ?"

"Tíì àti búrẹ́dì."

"Haba, Bàbá! Lójoojúmọ́?"

"Mi ò mọ oúnjẹ sè, ọmọ mi. Ṣáà bá mi dín wọn kù. Wọ́n máa ṣí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa káàánú mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo ti gbé oúnjẹ fún un nígbà ọ̀fọ̀, ó sì dá a padà pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Tí mo bá tún gbé e lọ, yóò tún dá a padà. Bí ẹni yìí bá ń bá a lọ báyìí, a máa sin ín. Mo dá ọgbọ́n kan. Mo dín ṣòkòtò ọjọ́ Sunday kù fún un, mo ní kó máa wá wọ àwọn yòókù wò lọ́sàn-án, ìgbà tí òkèlè tuwo mi máa ń jinná.

"Bàbá, mi ò lè wọn ìbàdí yín lórí ikùn òfo," mo wí. "Tẹ́ ẹ bá jẹun tán, ṣòkòtò náà á fún yín jù."

Ó wo tuwo àti miyan kuka, ọbẹ̀ ewé oṣè, ó wò mí, ó jókòó. Òkèlè díẹ̀ ló jẹ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ṣe, ó ń ṣàròyé pé ata mi ò tó, pé ìyàwó òun mọ bí wọ́n ṣe ń fi ata síbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ obìnrin náà títí, mo sì gbọ́ ọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń rán, tí mo ń tú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń kún. Inú mi dùn ju ti ẹni tó rán aṣọ ìyàwó lọ.

Nígbà tó yá, kò síbi tí mo tún lè tú mọ́. Mo lọ àwọn ṣòkòtò náà, mo kó wọn sínú ọ̀rá.

"Bàbá, ó ti parí o."

Ó gbà á, kò lọ. "Ó ti parí pátápátá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó fa ọ̀kan yọ, ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó yẹ ẹ́ wò. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìyá Rùkáyá, ó dà bíi pé ẹsẹ̀ ọ̀tún gùn ju tòsì lọ."

Kò gùn jù ú lọ. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Mo gba ṣòkòtò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo mú abẹ́, mo tú ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Ẹ padà wá lọ́sàn-án ọ̀la, Bàbá."