Ìpara Tí Mo Yàn fún Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìgbògbò, nígbà tí ilé kò tíì so Ìgbògbò mọ́ Ìkòròdú bó ṣe so wọ́n pọ̀ lónìí, èmi nìkan ni mo mọ̀wé nínú ilé wa. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, wọ́n gbà pé mo mọ̀wé ni. Kíláàsì kẹta ni mo wà. Mo lè ka Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá síwájú mi, bóyá ni mo fi máa dá ẹyọ kan mọ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú ilé. Èmi náà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Káfíńtà ni bàbá mi. Ìyá tó bí mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ìyá bàbá mi ló ń tọ́ mi. Bí bàbá mi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í la pákó láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ìyẹ̀fun pákó á ti bo irun wọn bí ẹni tí wọ́n da èlùbọ́ lé lórí. Wọn kì í fi nǹkan kan sí i ju àdí àgbọn lọ, ìyẹn náà bí ọjọ́ Jímọ̀ bá dé.

Lọ́dún kan, iṣẹ́ gbé wọn dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí ilé kan níbẹ̀, ó sì gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà dé, orin ni wọ́n ń kọ bí wọ́n bá ti mú ayùn lọ́wọ́. Ìyá àgbà wò wọ́n títí, wọ́n ní, "Ta ni obìnrin náà?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní opó kan ni, ẹja yíyan ló ń tà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, àmọ́ èyí tó bá sọ máa ń dúró. Wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó fi dá wọn lóhùn ni pé òun ò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, òun ò sì ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, títí òun á fi rí ọmọ tí wọ́n fẹ́ kí òun wá bá wọn tọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ni ọmọ tí wọ́n ń wí. Mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi onínjìnnì rí láyé mi, mi ò dé Ẹ̀pẹ́ rí. Mo tún rò ó pé, bí obìnrin náà bá fẹ́ràn mi, èmi náà á ní ẹni tí mo lè máa pè ní ìyá mi bíi ti àwọn ọmọ yòókù. Àárín ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ tí a lọ, mi ò ro nǹkan mìíràn.

Ìyá àgbà ló dá ọ̀rọ̀ irun sílẹ̀. Wọ́n wo bàbá mi lórí, wọ́n ní, "Ìwọ tí o fẹ́ lọ fẹ́ ìyàwó, ìtẹ́ ẹyẹ yìí lo fẹ́ gbé lọ bá àwọn ará Ẹ̀pẹ́?"

Ìgbà yẹn, ìpara irun ni àwọn ọkùnrin tó gbáfẹ́ fi ń yangàn. Àwọn tíṣà àti àwọn akọ̀wé máa ń fi òòyà la irun wọn lápá kan, wọ́n á fi ìpara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á máa dán bí irin tuntun. Bí wọ́n bá kọjá lára rẹ, òórùn wọn á ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ. Bàbá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tójú ń tì. Wọ́n ní, "Bá mi lọ sí Ìkòròdú lọ́la. Mo fẹ́ ra ìpara irun. Ìwọ lo máa bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, bàbá mi." Ẹnu mi ló sọ ọ́. Inú mi mọ̀ pé irọ́ ni.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́bàá ọjà ní Ìkòròdú tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìṣaralóge ọkùnrin: òòyà, abẹ, dígí, àti ìpara lóríṣiríṣi. Ìgbà tí a dé ibẹ̀, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti lọ kírun, ẹni tó ń ta òwú àtùpà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bá a wo ọjà. Ọkùnrin náà sọ òótọ́ fún wa. Ó ní, "Iye tí wọ́n ń tà á ni mo mọ̀ o. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe."

Bàbá mi ní kò sí wàhálà, ọmọ àwọn mọ̀wé.

Agolo pupa roboto kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Ìpara inú rẹ̀ le bí ìda oyin, ó sì ń ta sánsán bí ewé tútù. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Àwọn lẹ́tà náà kéré bí èèrà, wọ́n sì pọ̀ bí èèrà. Mo tẹjú mọ́ wọn, mo ní, "Wọ́n ní ó ń mú irun dán, ó sì ń mú orí tutù." Bàbá mi mi orí. Wọ́n gbé agolo aláwọ̀ ewé fún mi, èyí tí inú rẹ̀ dúdú bíi gírísì ọkọ̀. Mo kà á. Wọ́n gbé ìgò kan tí kírímù inú rẹ̀ funfun bíi wàrà. Mo tún kà á. Ara mi ti yá gágá nígbà yẹn. Àwọn èèyàn tó ń kọjá ń dúró wò mí, ọmọbìnrin kékeré tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì fún bàbá rẹ̀, mo sì ń gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ mi dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni mo rí èyí tó wà nínú nǹkan pẹlẹbẹ kan tí wọ́n máa ń fún lẹ́nu bí ọṣẹ ìfọyín. Wọ́n ya òyìnbó kan sí i lára. Irun rẹ̀ ń dán, àgbọ̀n rẹ̀ náà ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí mo mọ̀ lóòótọ́, èyí tó túmọ̀ sí kírímù. Ọ̀rọ̀ kan tó wà níwájú rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n, mo fò ó. Mo ní, "Èyí ni, bàbá mi. Èyí ló dára jù." Bàbá mi fún díẹ̀ jáde sẹ́yìn ọwọ́, ó ń ta sánsán, ó sì kúnná. Wọ́n rà á.

Orí òyìnbó yẹn ni mo wò. Àgbọ̀n rẹ̀ ló yẹ kí n wò.

Lọ́jọ́ tí a lọ, bàbá mi wọ bùbá àti ṣòkòtò tuntun. Wọ́n fi ìpara náà sí irun, wọ́n fi òòyà là á, wọ́n wo dígí títí Ìyá àgbà fi ní ọkọ̀ á lọ o. Fìlà wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò dé e. Wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn rí irun náà. A wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wa lójú, omi ń ta sí mi lára, mo ń rẹ́rìn-ín láìsí ìdí. Bàbá mi gbé fìlà lé orúnkún, wọ́n jókòó gbọọrọ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

Bí a ṣe gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ tí a ń gòkè láti etí omi, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ wínniwínni. Kò pọ̀ rárá. A yára rìn, a dé ilé obìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ le. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ kí i. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ nu omi òjò kúrò lórí, wọ́n tún nù ún, irun wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ó kọ́kọ́ hó díẹ̀ níwájú orí. Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pa á, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, títí gbogbo orí wọn fi funfun, tí ìfofò ọṣẹ ń ṣàn sí wọn létí àti sí ojú. Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà dìde dúró. Ó ní, "Kí ló ń ṣe yín lórí?"

Bàbá mi ní, "Mi ò mọ̀." Wọ́n ti di ojú pọ̀ nítorí ó ń ta wọ́n.

Wọ́n mú ìpara náà jáde látinú àpò, wọ́n nà án síwájú láìríran. Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà gbà á, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n nìyí. Èmi náà ń lo irú rẹ̀."

Ẹkún ni mo bú sí. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, mo ní, "Èmi ni. Mi ò mọ̀ ọ́n kà. Irọ́ ni mo ń pa." Mo mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn. Mo ti ba ọ̀rọ̀ bàbá mi jẹ́, mo sì ti ba tèmi jẹ́ mọ́ ọn.

Ìgbà yẹn ni obìnrin náà jáde. Ó ga, ó dúdú, ó lọ́ aṣọ mọ́ àyà. Ó wo bàbá mi, ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó wọlé padà, ó gbé omi wá nínú igbá, ó ní kí bàbá mi tẹrí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ orí wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "A ò tíì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, o ti ń fọ orí fún un?"

Ó ní, "Ojú ló ń ta wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ríran ná."

Nígbà tó ṣe tán, ó yíjú sí mi. "Kí ló dé tí o ò sọ pé o ò mọ̀ ọ́n?"

Mo ní, "Mo rò pé bí mo bá sọ, bàbá mi ò ní mú mi jáde mọ́."

Bàbá mi gbé orí sókè, omi ń kán ní irùngbọ̀n wọn. Wọ́n ní, "Mo kúkú fura. Ìpara mẹ́ta lo kà fún mi, ọ̀rọ̀ kan náà lo kà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohùn rẹ ló ń dùn mọ́ mi, mi ò fẹ́ dá ọ dúró." Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà mú obìnrin náà, ó sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ojú rẹ̀ le, ó jókòó padà, ó ń fi ọwọ́ gbá orúnkún.

Nígbà tí òjò dá, obìnrin náà mú mi lọ́wọ́, àwa méjèèjì nìkan, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ẹ̀pẹ́ láti ra ìpara irun gidi. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lára mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ wo orí ẹni tó ń tà á, bí irun tirẹ̀ bá gbẹ, ká kúrò níbẹ̀. Ó fi díẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ mi, ó ní kí n ní sùúrù, nítorí òórùn àkọ́kọ́ máa ń tan èèyàn, èyí tó bá kù lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni òórùn tòótọ́. Ó ní irun tó le bíi ti bàbá mi ń fẹ́ èyí tó ki, àmọ́ kí ó yọ́ bí ọwọ́ bá kàn án. Ó béèrè, ó tún béèrè, títí ẹni tó ń tà á fi ṣí agolo mọ́kànlá. Èmi ló ní kí n yan èyí tí a máa rà. Ọ̀kan tó ń ta sánsán bí òdòdó ni mo yàn, òun náà sì gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Èyí á bá wọn mu."

A délé, ó ní kí n fi í sí bàbá mi lórí fúnra mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́, ó ní ká fún òun náà díẹ̀. Kí a tó wọ ọkọ̀ padà, obìnrin náà sọ fún bàbá mi lójú mi pé, "Mo ti rí ọmọ náà. Ẹ wá bá àwọn ẹbí mi." Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi kó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá mi ni mo pè é láti ọjọ́ àkọ́kọ́, títí ó fi dàgbà, tí mo fi tọ́jú rẹ̀, tí ó sì kú sọ́wọ́ mi.

Ayé ti yí. Nígbà yẹn, ìkọ̀kọ̀ ni bàbá mi àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tiwọn ti ń ṣara lóge. Agolo kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú ilé. Lónìí, ọmọ ọmọ mi ọkùnrin ní ti irun, ó ní ti irùngbọ̀n, ó ní ti ojú, ó sì ń wò wọ́n lórí fóònù, ó ń ka ohun tí àwọn tí kò mọ̀ rí sọ nípa wọn. Ní báyìí, ó sọ pé irú ti àwọn bàbá àtijọ́ ló tún wà lóde, agolo roboto, ìpara tó ki. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Gáréèjì Ìkòròdú láti bá a yàn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kún ibẹ̀, wọ́n ń gbóòórùn yìí, wọ́n ń gbóòórùn tọ̀hún, wọ́n ń bi ara wọn léèrè, ojú ò ti ẹnì kankan. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Àwọn kan máa ń sọ pé ayé àtijọ́ ló dára jù. Èmi kì í bá wọn sọ ọ́.

Ọmọ ọmọ mi yan méjì. Èmi ṣì ń fi ìka kan inú agolo kan tó ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́, mo ń fi í sí irun funfun tó wà létí mi. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní, "Màmá, ti ọkùnrin nìyẹn o."

Mo ní, "Irun mi ò mọ̀ pé ti ọkùnrin ni. Bá mi di ọ̀kan, tèmi ni."