Ọwọ́ Láníyì Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Aishat

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Iyere kọjá l'Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ sì yà sí ọgbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré iléèwé, ẹ lè gbàgbé ibi tí ẹ ń lọ. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́! Pupa, àwọ̀ ewé, èyí tó ní agbọ̀n níwájú, èyí tí táyà rẹ̀ sanra bíi ti ọ̀kadà. Ó ti sú àwọn òyìnbó tó ni wọ́n, wọ́n sì fi ta ẹgbẹ́ aláàánú kan lọ́rẹ. Ẹgbẹ́ náà kó wọn sínú kọ̀ǹténà, ó di Ọ̀wọ̀. Níbí ni wọ́n ti ń tú wọn palẹ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ ṣéènì tó ti dípẹtà, tí wọ́n ń na ríìmù tó ti wọ́, kí wọ́n tó kó wọn fún àgbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlera tí ọ̀nà wọn jìn.

Láníyì, tó jẹ́ mẹkáníìkì ọ̀kadà tẹ́lẹ̀, wà lára àwọn tó ń tún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n Mojí, ìyàwó rẹ̀, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ute ni, ọkọ ló gbé e wá sí Ọ̀wọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ló ń kọ́, àwọn tí pẹ́ńsù ṣì máa ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó ń lọ. Síbẹ̀, lọ́dún tó kọjá, owú fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ẹlòmíì.

Òfin ọgbà yẹn ló dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá tún kẹ̀kẹ́ kan ṣe, òun náà ni yóò kọ́ ẹni tí wọ́n bá fún, bí onítọ̀hún ò bá mọ̀ ọ́n gùn. Dominic, ọ̀gá wọn, ló ṣòfin náà, kí ẹni tó so bíréèkì lè fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó máa gbára lé bíréèkì ọ̀hún.

Wọ́n wá fún Aishat ní kẹ̀kẹ́ pupa kan. Láníyì ló sì tún un ṣe.

Ọmọ Àkókó ni Aishat, òṣìṣẹ́ ìlera ní Ute, tó ń fẹsẹ̀ rìn láti oko dé oko láti fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọge gíga ni, ìborí rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ kì í yàtọ̀ síra láwọ̀. Kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán ni Mojí ń gbé bọ̀ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí wọn. Aishat wà lórí kẹ̀kẹ́, Láníyì ń sáré tẹ̀lé e, ó di ẹ̀yìn ìjókòó mú.

"Bọ̀ọ̀dá Láníyì, ẹ má fi mí sílẹ̀ o!"

"Mi ò ní í fi ọ́ sílẹ̀. Máa wo iwájú rẹ. Ó dára gan-an bẹ́ẹ̀."

Ó dára gan-an bẹ́ẹ̀! Láníyì tó jẹ́ pé èdè Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé ló fi ń lé ewúrẹ́ nílé, òun ló ń sọ Yorùbá inú rédíò fún ọmọ ọlọ́mọ! Ọbẹ̀ gbígbóná dà sí Mojí lọ́wọ́, kò tilẹ̀ mọ̀.

Sátidé ń gorí Sátidé. Oúnjẹ Mojí wá bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé, kí ebi tó pa ẹnikẹ́ni. Ó ń dúró lábẹ́ igi, ó ń wò.

Ó rí bí Láníyì ṣe kọ́ Jonah, àgbẹ̀ kan láti Iyere. Ó di Jonah mú díẹ̀, ó fi í sílẹ̀, Jonah wọ inú koríko lọ gbì! Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Jonah gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó tún gùn ún, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Ó wá kan Aishat, ọwọ́ ò kúrò lẹ́yìn ìjókòó mọ́!

Mojí mọ ohun tó ń wò. Ní kíláàsì, òun náà máa ń di ọwọ́ ọmọ mú láti kọ "a". Lọ́jọ́ kan ṣá, olùkọ́ á mọ̀ ọ́n lára pé ọwọ́ kékeré yẹn ti ń dá lọ fúnra rẹ̀. Bí olùkọ́ kò bá wá fi í sílẹ̀, ó ní nǹkan míì tó ń wá.

"Bàbá Praise," ó bi í nílé, "ọmọ yẹn ò tíì mọ̀ ọ́n gùn?"

"Ẹ̀rù ń bà á ni."

"Òun ni ẹ̀rù ń bà, àbí ẹ̀yin?"

Láníyì rẹ́rìn-ín. "Ìyá Praise, ṣé o wá ń jowú kẹ̀kẹ́ ni?"

Mojí ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, kò sí ẹran nínú rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò gbé oúnjẹ wá rárá. Ó wọ ṣòkòtò sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó sì gba àárín pápá lọ tààrà.

"Láníyì! Fi ìjókòó yẹn sílẹ̀!"

Gbogbo ọgbà yíjú sí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Praise, kò sẹ́ni tó gbọ́ kí Mojí pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Dominic fẹ́ sọ nǹkan nípa òfin.

"Bọ̀ọ̀dá Dominic, ẹ jọ̀ọ́, òfin yín ti pẹ́ jù lẹ́yìn ìjókòó. Èmi ni màá kọ́ ọ."

"Àǹtí, ẹ má bínú," Aishat ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Ta ló ń bínú? Gbé ẹsẹ̀ sórí pẹ́dàlì. Má wo ilẹ̀ o, ibi tí o bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ máa gbà. Ó yá!"

Mojí tì í, ó sáré díẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Ó yá jù. Ká sọ òótọ́, inú rẹ̀ ì bá dùn bí Aishat bá wọ inú koríko lọ lójú gbogbo wọn, kí ìborí aláràbarà yẹn fara gbá ilẹ̀ díẹ̀.

Aishat ò ṣubú. Ó ń lọ! Kẹ̀kẹ́ yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, ó sì tọ́.

"Àǹtí, ẹ má tíì fi mí sílẹ̀ o!" ó ń pariwo láti ọ̀ọ́kán, Mojí sì ti fọwọ́ lé ìbàdí lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ó yí òpó gòólù po, àwọn ènìyàn ń hó yèè, ó tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ dúró jẹ́jẹ́. Ó fò mọ́ Mojí lọ́rùn.

"Àǹtí, èmi nìkan ni mo gùn ún! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé kí wọ́n dán mi wò, wọ́n ní kò tíì yá."

Mojí wojú ọkọ rẹ̀. Ó ṣì wà níbi tó ti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ibi tí yóò wà.

"Kí ló dé tí o ò fi í sílẹ̀?"

"Mo rò pé ó máa ṣubú."

"Jonah ṣubú."

Láníyì nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Èdè Ọ̀wọ̀ ló fi dáhùn nígbẹ̀yìn, jẹ́jẹ́, pé bí òun bá fi í sílẹ̀, Aishat yóò gùn ún lọ, kò sì ní í wá mọ́ ní Sátidé.

Ọ̀rọ̀ tí Mojí ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Nígbà tó wá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tán, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó fa kẹ̀kẹ́ àwọ̀ ewé kan lára ògiri, ó gùn ún.

"Wá di ìjókòó mú."

"Ìwọ? Ìwọ tí o ti ń ki ẹsẹ̀ sábẹ́ irin kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ gùn ún láti kékeré ní Ute?"

"Mo ní kí o dì í mú. Dán an wò kí o fi í sílẹ̀!"

Bó ṣe wa kẹ̀kẹ́ lọ nìyẹn, Láníyì ń sáré tẹ̀lé e yí pápá ká, òógùn ń dà, bàtà ń gbá a ní gìgísẹ̀.

"Ìyá Praise, ẹ rọra, ẹ máa pa á o!" Dominic ń rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Mojí ò bojú wẹ̀yìn. "Mú un dáadáa!"

Aishat gun kẹ̀kẹ́ pupa rẹ̀ lọ sí Ute lọ́jọ́ náà. Dominic yí òfin padà: Láníyì àtàwọn yòókù ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, Mojí ló ń kọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n bá fún. Owú náà ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Bí Aishat bá gbé kẹ̀kẹ́ wá fún àtúnṣe, Mojí ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, òun ló ń gbé e fún ọkọ rẹ̀, á sì dúró tì í títí ọkọ rẹ̀ yóò fi de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn tán.