Kọ̀ǹpútà Tí Kò Gbọdọ̀ Làágùn

Ẹ bá mi dárò o, ooru pa kọ̀ǹpútà wa. Èkejì tí yóò kú nìyẹn. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Kọ́bapẹ́ ni mo ti ń ṣe akọ̀wé nígbà náà. Tábìlì mi kò jìnnà sí ààrò, páànù gbígbóná wà lókè orí mi. Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà kú, ṣe ni Alhaja tó ni wá, àti búrẹ́dì àti ènìyàn, káwọ́ lérí. Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀.

"Yéè! Ẹ wo bó ṣe gbóná! Ta ló ń fi nǹkan sínú irú ooru yìí?"

Ta ni o? Èmi náà wà nínú ooru ọ̀hún, pẹ̀lú oyún oṣù méje.

Kí ẹ má rò pé mi ò sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ní Aké ti kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé bí mi ò bá sá fún ooru, ó lè ṣe ọmọ inú mi ní jàǹbá. Mo lọ kúnlẹ̀ fún Alhaja, mo bẹ̀ wọ́n fún fáànù kan ṣoṣo. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Àwa tí a pọn ọmọ nídìí ààrò ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ti rọ̀ jù."

Mo dúpẹ́. Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ ṣáà ni.

Ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà yàtọ̀. Wọ́n rán mi lọ sí Kuto pé kí n lọ yan èyí tó yẹ ibi gbígbóná. Ọkùnrin tó ń tà á gbé méjì kalẹ̀. Ọ̀kan dúdú, ó wúwo, ó rí bí àdògán.

"Àǹtí, èyí ò mọ ooru. Ìdí ààrò gan-an, ó ń gbé ibẹ̀. Èkejì yìí ló lẹ́wà, àmọ́ àkẹ́bàjẹ́ ni. Láìsí éésì tó ń mú yàrá tutù, kò ní pẹ́ kú."

Éésì kẹ̀! Bí éésì bá dé nítorí kọ̀ǹpútà, ṣebí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ni èmi àti ọmọ mi yóò jókòó sí? Mo ní kó di àkẹ́bàjẹ́ yẹn fún mi. Mo délé iṣẹ́, mo fajú ro.

"Alhaja, wọ́n ní kò gbọdọ̀ làágùn o."

"Ta ni yóò jẹ́ kó làágùn?"

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, káfíńtà dé, onígíláàsì dé, éésì dé. Wọ́n fi pákó àti gíláàsì kọ́ yàrá kékeré yí kọ̀ǹpútà ká. Inú mi dùn, mo gbé àga mi, ó di ẹnu ọ̀nà. Alhaja na ọwọ́ dí i.

"Níbo?"

"Ibi iṣẹ́, mà."

"Rárá o. Ara aboyún máa ń gbóná. Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Àṣé wọ́n ti gbẹ́ fèrèsé kékeré sára pákó náà, bíi ti báńkì, wọ́n sì fa okùn kíbọ́ọ̀dù gba ibẹ̀ jáde. Kọ̀ǹpútà á wà nínú òtútù, èmi á máa tẹ̀ ẹ́ láti ìta. Alhaja fúnra wọn wọlé lọ jókòó tì í, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Ara olówó kì í gbóná, ẹ ò rí i.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òógùn mi ń kán sórí kíbọ́ọ̀dù, òòyì ń kọ́ mi. Mo wá rántí pé ọmọ inú mi kò mira láti àárọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo wo Alhaja nínú gíláàsì, wọ́n ti fi ìborùn bora nítorí òtútù. Inú bí mi burúkú.

Mo dìde, mo ti kíbọ́ọ̀dù gba ojú fèrèsé wọlé sí wọn.

"Kí lèyí?"

"Ẹ gbà á sọ́dọ̀, mà. Ooru pọ̀ níta níbí. Kó má lọ kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Mo gbé báàgì mi, mo wọkọ̀ lọ sí Aké. Nọ́ọ̀sì tẹ́tí sí inú mi títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkàn ọmọ ń lù dáadáa. Kí n tó sọ ti ooru ibi iṣẹ́, ó ti yí fáànù ara rẹ̀ kọjú sí mi. Mo bú sẹ́kún.