Báàgì Omi Kejì

Mo rántí ọdún àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe dókítà ní Houston, nígbà tí mo ṣì gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi nípa ká fa omi síni lára. Nílé, kí n tó wá, ta ni n ò fa omi sí lára? Ibà, omi. Ó rẹ èèyàn, omi. Ẹlòmíì á tiẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá, á ní òun ò ṣàìsàn kankan, kí n ṣáà fa omi sí òun lára kí ara òun lè jí pépé. Bí dókítà ò bá tíì so omi rọ̀, àwọn ẹbí á ní kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Èrò yẹn bá mi wọ bàálù wá sí Amẹ́ríkà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé ìyá àgbà kan wá láti àdúgbò Mission Bend. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì wá bá ọmọ wọn obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá gbà pẹ̀lú àwọn ará ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ, ni òòyì bá kọ́ wọn, wọ́n sì ṣubú nílé ìdáná. Ẹnu wọn gbẹ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ gan-an. Báàgì omi àkọ́kọ́ tí mo kọ fún wọn, ó tọ́. Ẹnikẹ́ni ò lè bá mi jà sí i.

Àmọ́ bí mo ṣe gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá, mo gbàgbé pé dókítà ni mí, mo kúnlẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì rò pé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá mi wá a. Ìyá bi mí nípa ìlú mi, wọ́n gbàdúrà fún mi títí. Mo gbọ́ àyà wọn, ó kù kí n tẹ ẹsẹ̀ wọn wò, kí n lè mọ̀ bóyá omi ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá ró ìró, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Ta ni mí, ọmọ àná, tí màá wá ká ìró ìyá àgbà sókè? Mo kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé ẹsẹ̀ ò wú. Irọ́ ni. N ò wò ó.

Báàgì àkọ́kọ́ tán, ojú ìyá mọ́lẹ̀, wọ́n ń mu tíì, wọ́n sì ti tọ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Westchase, pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àwọn àbúrò òun ti ń pè láti Nàìjíríà pé òun ló fi iṣẹ́ pa Màmá, kí n jọ̀ọ́ tọ́jú wọn dáadáa. Ìyá náà gbọ́ wa.

“Omi yẹn wọ̀ mí lára, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Fi ọ̀kan sí i. Omi ò lọ́tàá.”

Òfin tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwòsàn náà ò le. Kí o tó kọ omi míì, padà lọ yẹ aláìsàn wò, kí o sì mọ ohun tí o fẹ́ kí omi náà ṣe. Èmi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kó ṣe. Ojú ló ń tì mí láti sọ fún ìyá pé rárá. Mo lọ sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ odidi lítà kan, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó yára wọlé.

Kò tíì dé ìdajì tí nọ́ọ̀sì fi pè mí. Ìyá ti jókòó ṣánṣán, wọ́n di irin bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n ń mí gúlegúle, ọ̀rọ̀ kan ò lè parí lẹ́nu wọn. Omi ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ wọn gbé ọmọ tuntun sí èjìká, ó ń pe “Màámi, Màámi.” Ọ̀gá mi, òyìnbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, sáré dé. Ó ti omi náà pa, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ìyá, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ wọn. Ojú ibẹ̀ jìn wọnú, kò padà, bí ẹni tẹ iyán. Ó bi mí pé ta ló wo ẹsẹ̀ yìí. Mo ní kò sẹ́ni tó wò ó.

Wọ́n fún ìyá ní atẹ́gùn nímú àti abẹ́rẹ́ tí yóò jẹ́ kí wọ́n tọ̀. Fún bíi wákàtí kan, ẹ̀rù ikú ìyá yẹn bà mí débi pé n ò lè jókòó. Nígbà tí ìtọ̀ wá ń jáde tí èémí wọn sì rọlẹ̀, mo bọ́ sí ilé ìtọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, mo sunkún. A padà gbọ́ pé ọjọ́ pẹ́ tí dókítà wọn ní Nàìjíríà ti sọ fún ìyá pé ọkàn wọn ò lágbára. Wọn ò lo oògùn wọn lásìkò ààwẹ̀, torí ó máa ń lé wọn jáde nínú ìsìn láti lọ tọ̀. Wọ́n sì fi àìsàn ọkàn náà pa mọ́ fún ọmọ wọn, kó má bàa ní kí wọ́n padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún àkọsílẹ̀ mi ṣe, mo sì lọ jẹ́wọ́ fún wọn. Ọmọ wọn ní òun ò fẹ́ rí mi nínú yàrá yẹn mọ́. Mi ò dá a lẹ́bi. Ìyá ló ní kó dákẹ́ ná.

“Ṣé torí pé mo jẹ́ àgbà lo ò fi wo ẹsẹ̀ mi?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

“Ọ̀wọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ọmọ mi.”

Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyá lọ sílé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọmọ wọn ò sì kí mi kó tó lọ.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi náà ti ń kọ́ àwọn dókítà tuntun báyìí, àwọn tó ti ilé wá sì pọ̀ nínú wọn. Láti ìgbà náà, mo ti sọ rárá fún ọ̀pọ̀ àgbà tó ń bẹ̀ mí pé kí n fi omi kún omi. Kò tíì rọ̀ mí lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan rí.