Gàfárù Onígàárì Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ Bẹ Ìyàwó

Kò sẹ́ni tó mọ gàárì ẹṣin í rán tó Gàfárù ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó tirẹ̀ náà. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ lálẹ́, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ kí oòrùn tó ràn. Lọ́jọ́ kan, níbi tí òun àtàwọn ọkùnrin bíi mélòó kan ti ń ṣe fàájì níwájú ilé, ó ní bí Àtọ́kẹ́ ìyàwó òun bá sùn, ńṣe ló máa ń hanrun bí ẹṣin tí wọ́n di ẹrù lé ju agbára rẹ̀ lọ. Ó tilẹ̀ fi imú ṣe é kí wọ́n gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi já bọ́ lórí àpótí tó jókòó lé. Ohun tí Gàfárù kò mọ̀ ni pé Àtọ́kẹ́ ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

Àtọ́kẹ́ kò bá a jà. Ó ká ẹní rẹ̀, ó di aṣọ rẹ̀, ó kọrí sí abúlé Àkíbù bàbá rẹ̀, lápá ọ̀nà Abẹ́òkúta. Gàfárù rán oníṣẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́, ó rán òmíràn. Èsì kan náà ni wọ́n ń mú bọ̀: "Ẹ ní kó lọ fẹ́ ẹṣin."

Lásìkò yẹn, ogun Kírìjì ti parí, àwọn tó ń gun ẹṣin ti dín kù ní Ìbàdàn, Gàfárù sì ti ń gba iṣẹ́ awọ yòówù tó bá rí. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Louisa, opó Sàró kan tó ń gbé lápá Kúdẹtì, ṣe gbé kẹ̀kẹ́ ológeere tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wá, pé kó bá òun fi awọ tuntun bo ìjókòó rẹ̀. Gàfárù bo ìjókòó tán, kò dá kẹ̀kẹ́ pa dà. Ìdájí ló máa ń gbé e lọ sórí Òkè Màpó, níbi tí kò ti sí ẹni tó máa wò ó, tí á máa gùn ún, tí á máa ṣubú, títí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi bó. Ìgbà tó wá mọ̀ ọ́n gùn díẹ̀ ló tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

"Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹ yá mi ní kẹ̀kẹ́ yìí. Mo fẹ́ fi lọ bẹ ìyàwó mi."

"Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?"

"Rárá o. Bí mo bá fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, wọ́n á kàn máa wò mí ni. Mo fẹ́ kí ẹnu yà wọ́n."

Màmá Louisa mi orí. "Ẹ máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n ìjánu rẹ̀ ti bàjẹ́ o."

"Ṣé òun kọ́ ló pa ọkọ yín?"

"Ibà ló pa wọ́n. Kẹ̀kẹ́ gbìyànjú títí, kò rí wọn pa ni."

Gàfárù kírun àsùbáà, ó wọ agbádá tó dára jù lọ nínú aṣọ rẹ̀, ó so etí agbádá náà mọ́ ìbàdí, ó gun kẹ̀kẹ́. Ní Ọjà'ba, ewúrẹ́ sá, àgbà ọkùnrin sá. Ní Bẹẹrẹ, ó rí ìlú níwájú rẹ̀ bí ó ṣe lọ salalu, òrùlé koríko lórí òkè, òrùlé koríko ní kòtò, èéfín ìdáná ń yọ láàárín wọn. Ojú rẹ̀ kò ì tí ì kúrò níbẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ fi gbé e dà gẹ̀rẹ́ sí ìsàlẹ̀.

Nígbà tó dé ibodè, Ọ̀jẹ̀wálé oníbodè na ọwọ́ síwájú. "Ẹ dúró! Kí lẹ gùn yẹn?"

"Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, mi ò ní lè gùn ún mọ́!" ni Gàfárù wí, ó sì ń yí igi tó wà níbẹ̀ po. Oníbodè ń tẹ̀ lé e, ó ń bi í léèrè.

"Ẹrù ni àbí ẹran?"

"Ọlọ́hun ló mọ̀!"

"Bó bá jẹ́ ẹran, kí ló ń jẹ?"

"Orúnkún mi!"

Ẹ̀rín pa Ọ̀jẹ̀wálé débi pé ó gbàgbé láti gba owó ibodè. Gàfárù kọjá.

Lẹ́yìn ibodè, ayé dákẹ́. Oko iṣu ni lápá ọ̀tún, oko òwú lápá òsì, àparò ń fò yọ lẹ́bàá ọ̀nà, ìrì sì wà lórí koríko. Gàfárù ti ń gba ọ̀nà yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹrù ló máa ń wà lórí rẹ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò. Lónìí ó gbé orí sókè. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kò dára rárá. Nígbà tó dé Odò Ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ ló gùn ún: ó gbé e rù, ó sì la omi tó mù ún dé itan kọjá.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ẹ̀gún gún táyà ẹ̀yìn, tí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tú jáde. Gàfárù kọ́kọ́ bú kẹ̀kẹ́, ó bú ọkọ Màmá Louisa tó ti kú, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú náà. Ó wá fa koríko gbígbẹ tu, ó ń kì í sínú táyà bí ẹni ń ki òwú sínú gàárì, títí ó fi le. Kẹ̀kẹ́ ń gbé e sọ bí ẹṣin tínú ń bí, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Orí òkè kan ni ọ̀nà ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ já sí abúlé Àkíbù. Wọ́n ń kírun Aláàsárì lọ́wọ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ igbe, "Ẹ yà o! Kò ní ìjánu!" Ìlà ìrun wọn tú ká. Gàfárù gba àárín wọn kọjá, ó wọ inú láfún tí wọ́n sá, kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀tọ̀, òun náà lọ sí ọ̀tọ̀. Níwájú ẹsẹ̀ bàbá ìyàwó rẹ̀ gan-an ló nà gbalaja sí, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀.

Àkíbù gbọn láfún kúrò lẹ́sẹ̀. "Àwọn àna mi ti wá bẹ̀bẹ̀ rí nílé yìí," ló wí, "ṣùgbọ́n n kò tí ì rí èyí tó dọ̀bálẹ̀ báyìí. Dìde, mo gbà."

"Èmi ò tíì gbà," ni Àtọ́kẹ́ wí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń hanrun?"

Gàfárù wo gbogbo èèyàn tó yí i ká. "Èmi ni."

"Gbé ohùn sókè."

"Èmi Gàfárù ni mo máa ń hanrun! Bí ẹlẹ́dẹ̀!"

Nígbà náà ni Àtọ́kẹ́ rẹ́rìn-ín, tó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, Gàfárù sì ń tì í bọ̀ láti abúlé dé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àtọ́kẹ́ ló ń kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé. Gàfárù kò ní èémí tó máa fi kí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Màmá Louisa wá gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àyà ni onígàárì dùbúlẹ̀ lé, kò lè fi ìdí kan nǹkan kan, òrí ni ìyàwó rẹ̀ fi ń ra á lẹ́yìn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Màmá Louisa wí. "Mo wá mú kẹ̀kẹ́ mi."

Àtọ́kẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Màmá, ẹ bá mi fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Ọkọ mi ti gùn ún. Èmi ló kàn."