Ọdún Tí Kò Sí Ẹnì Kẹta ní Kíláàsì Wa

Ipò kẹrin ni mo mú ní ìparí ọdún kejì mi ní girama, mo sì sunkún láti iléèwé wa ní Ìbàfọ̀ títí dé ilé ní Mówè. Kì í ṣe pé ipò kẹrin burú. Bàbá mi ló ti sọ pé bí mi ò bá sí lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, òun máa fi mí ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Ìfọ̀, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọmọ kì í rẹ́rìn-ín nílé rẹ̀. Mo fẹ́ràn ilé wa. Mo fẹ́ràn bí màmá mi ṣe máa ń pè mí wá wo ohun tí kò ṣe pàtàkì rárá. Tí mo bá ń ronú pé mi ò ní gbọ́ ìpè yẹn mọ́, ẹkún mi á tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà, yẹ káàdì èsì ìdánwò mi wò.

"Ta ló mú ipò kẹta?"

"Kò sẹ́ni tó mú un, sà. Àwọn méjì ló jọ mú ipò kejì."

Ó yíjú sí màmá mi. "Ṣé o gbọ́? Ipò kẹta wà nílẹ̀, kò lólówó orí, ọmọ rẹ fò ó kọjá."

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti bàbá mi jọ lọ bá tíṣà kíláàsì wa, ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ wa ní ìṣirò, lórí ọ̀rọ̀ ipò kẹta náà.

"Ẹ jẹ́ ká ní ẹ tò síbi tí wọ́n ti ń pọn omi, sà," ó ní. "Ẹnì kan ti kọ́kọ́ dé. Àwọn méjì dé pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin wá tẹ̀ lé wọn. Èèyàn mélòó ló wà níwájú yín?"

"Mẹ́ta."

"Ẹ̀yin wá ni ẹnì kelòó?"

Bàbá mi fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ẹnì kẹrin. Ṣùgbọ́n àyè kẹta ṣófo, tíṣà. Ẹ kọ ọ́ fún un. Ta ló máa bínú?"

Mo gbàdúrà lọ́kàn pé kó kọ ọ́.

"Tí mo bá kọ ọ́, sà, tó bá wá mú ipò kìíní lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́?" Ó wá fi máàkì mi ti táàmù àkọ́kọ́ hàn án, ó fi ti ìsinsìnyí tì í. "Ipò ń sọ ibi tó wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Máàkì ló ń sọ ohun tó mọ̀. Ẹ wo bó ṣe gòkè."

Gbogbo ìgbà tó bá ti pe "sà" ló ń tẹ orúnkún díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúnlẹ̀ rárá. Mi ò rí i rí kí ẹnì kan fi irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ fún bàbá mi pé rárá. Mo ti gboyè yunifásítì báyìí, mò ń wáṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì máa ń dàrú mọ́ mi lẹ́nu tí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè tó rọrùn níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo ṣì ń wá irú ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ yẹn.

Bí a ṣe délé, bàbá mi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọmọ náà ò ní wá mọ́. Rárá, kò mú ipò kẹta. Tíṣà tó ń kọ́ ọ níbí ni mi ò fẹ́ kó pàdánù."