Gọ́ọ̀mù Inú Àpò Àyà Adébíyìí

Ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà sọ pé a kò sọ fún wọn: láràárọ̀, kí Adébíyìí tó fọ ẹnu, kí ó tó dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn, yóò kọ́kọ́ yọ túùbù gọ́ọ̀mù pupa kan jáde lápò àyà rẹ̀, yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ níkùn wò bóyá ó ti gbẹ. Bí ó bá ṣì rọ̀, á mi orí, á dá a pa dà sápò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, á gbé e kúrò nínú aṣọ iṣẹ́ bọ́ sínú kóòtù. Híńkáṣífù làwọn ẹlòmíràn ń fi síbẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni tirẹ̀.

Kì í ṣe pé ó ń ta gọ́ọ̀mù o. Piacenza ló ń gbé, inú magazzino, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, ló sì ti ń ti ẹrù ẹlẹ́rù láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì láti ọdún mọ́kànlá, pẹ̀lú contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́, tó ń kú lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, mẹkáníìkì ni. Katakata tí wọ́n fi ń roko ló kọ́ bí a ṣe ń tún ṣe ní Ìsẹ́yìn.

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó mọṣẹ́ nígbà náà. Ní Ìsẹ́yìn ayé ìgbà yẹn, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ìyẹn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ọmọrí rẹ̀ kí iná, omi àti epo má baà pàdé, oṣùpá ni: ojú ń rí i, ọwọ́ kò tó o. Ẹyọ kan a máa sin ẹ́ńjìnnì mẹ́ta kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọrí fúnra rẹ̀ a ti wọ́ bí ilẹ̀kùn tí òjò pa, kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò ha á tẹ́jú. Kí ni ọ̀gá rẹ̀ ì bá ṣe? Ó ń fi gọ́ọ̀mù dí àlàfo. Ìṣẹ́ ló kọ́ wọn ní gọ́ọ̀mù. Adébíyìí kò rí ìṣẹ́ ibẹ̀, gọ́ọ̀mù nìkan ló rí, ó sì gbé e wọ Italy bí ẹni gbé ẹ̀sìn.

Ní abúlé kan lẹ́yìn Piacenza, bàbá arúgbó kan, Signor Ettore, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń jí katakata àtijọ́ dìde. Ó ń wá ẹnì kan kún wọn. Ó gbé katakata bàbá tó bí i lọ́mọ fún Adébíyìí, ó ní kí ó tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tò. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí àlùfáà yóò wọ́n omi ìbùkún sára gbogbo katakata àgbègbè náà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, èyí ni yóò ṣíwájú. Bí ó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀, Adébíyìí yóò fọwọ́ sí contratto tí kò lọ́jọ́ ìparí lọ́jọ́ Ajé. Ó dìgbóṣe, magazzino.

Ṣìkẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Adébíyìí ní tirẹ̀ ra túùbù tuntun.

Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ní ṣọ́ọ̀bù náà ni Fathiyyah, ọmọ Ìwó tó kàwé mẹkáníìkì ní Torino, tó sì ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ Ettore. Obìnrin ni, ìyẹn ẹ̀sùn kìn-ín-ní. Ó máa ń ka ìwé kí ó tó tú nọ́ọ̀tì. Ó tún ní sípánà gígùn kan tó máa ń ké "táà" bí nọ́ọ̀tì bá ti le tó bó ṣe yẹ. Sípánà ọ̀lẹ ni Adébíyìí sọ ọ́.

"Ọwọ́ mi yìí," ó nà án síwájú rẹ̀, "ó ti mọ bí nọ́ọ̀tì ṣe ń le kí wọ́n tó bí ẹ."

"Ẹ kú ọwọ́, ẹ̀gbọ́n," ni Fathiyyah wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù yẹn sápò. Wọ́n ti ha ọmọrí yìí, ó tẹ́jú bíi dígí. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni. Ìwé ní *a secco*. Gbígbẹ la ó dè é."

"Gbígbẹ! Gàrí pàápàá, ènìyàn á wá omi sí i."

"Ẹ wo àwọn ihò wọ̀nyí. Omi ń gba èyí kọjá, epo ń gba ìyẹn. Bí ẹ bá kun gọ́ọ̀mù, tí a wá dè é mọ́lẹ̀, ibo lẹ rò pé yóò sá lọ?"

"Ibi tó bá wù mí ni yóò lọ."

"Gọ́ọ̀mù?"

"Ó mọ̀ mí."

Fathiyyah ṣí ìwé, ó na ojú ewé náà sí i.

"Ta ló tiẹ̀ kọ ìwé tí o gbé dání yẹn?" ni Adébíyìí bi í. "Ṣé ó dé Ìsẹ́yìn rí?"

"Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà ló kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ìyẹn ni pé àwọn ló ti bà á jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Nígbà tó yá, Fathiyyah lọ ṣe àlùwàlá, ó kírun Àsárì nínú yàrá ẹ̀yìn. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pọ̀ tó fún ọlọ́gbọ́n láti da iyẹ̀pẹ̀ sí gàrí ara rẹ̀. Adébíyìí kun gásíkẹ́ẹ̀tì náà lókè, ó kùn ún nísàlẹ̀, bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì àlejò. Ó gbé ọmọrí lé e, ó fi ọwọ́ tó mọ nǹkan yẹn dè é. Nígbà tí Fathiyyah máa fi dé, orin ìyìn ló bá lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ ti dè é?"

"Ẹni tó mọṣẹ́ kì í dúró de agogo."

"Gbígbẹ?"

"Bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀."

Fathiyyah wo àpò àyà rẹ̀. Túùbù tó sanra láàárọ̀ ti rù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tú u. Iṣẹ́ yín ni mo ń rò."

"Ìlara lò ń rò."

Fathiyyah wá lọ sọ ohun tó rí fún Ettore. Ettore bi Adébíyìí léèrè. Adébíyìí gbé ọwọ́ lé àyà, gangan lórí túùbù náà, ó ní òun fi Ọlọ́run búra, gbígbẹ ni. Ettore jẹ́ ẹni tó máa ń gba ìbúra gbọ́. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Adébíyìí gun orí katakata tòun ti kóòtù, katakata méjìlélọ́gbọ̀n tò sẹ́yìn rẹ̀. Ṣìkẹ́mi dúró lẹ́bàá títì, ó gbé fóònù sókè kí àwọn ará ilé lè máa wò ó láti Nàìjíríà. "Ẹ wò ó o! Bàbá Victory ló ṣíwájú o! Àwọn òyìnbó ló ń tẹ̀ lé e!"

Kìlómítà mẹ́rin ni wọn yóò rìn. Ní ìkejì, ọwọ́ aago ooru wọ pupa. Adébíyìí wò ó, ó ní aago àgbà ni, àgbà a máa sọ àsọdùn. Ní ìkẹta, èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọrí. Ó jókòó ṣinṣin, ó ń juwọ́ sáwọn èrò. Wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà gbé omi ìbùkún, ó wọ́n ọn. Omi náà kan irin, ó ní "ṣàà" bí ẹni da àlùbọ́sà sínú epo gbígbóná. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀méjì, ó sì dákẹ́.

Katakata méjìlélọ́gbọ̀n kò rọ́nà kọjá. Àlùfáà, tí í ṣe ọmọlúàbí, tún wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀kejì. Kò yí nǹkan kan padà.

Lọ́jọ́ Ajé, contratto wà lórí tábìlì, bírò wà lọ́wọ́ Ettore, ọmọrí ẹ́ńjìnnì sì wà ní ṣíṣí. Fathiyyah ń fi ẹ̀mú tín-ínrín yọ gọ́ọ̀mù pupa jáde nínú ihò omi, ó ń yọ ọ́ nínú ihò epo, ó ń tò ó sórí bébà funfun bí ẹni ń ṣa ìfun ẹja. Ettore kò pariwo.

"*A secco*, Adébíyìí?" ló bi í.

Adébíyìí fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan nínú àwọn ìfun pupa náà wò. "Kò pọ̀ tó ni," ló dáhùn. "Ẹ rí i bí ìdajì rẹ̀ ṣe ṣì wà lápò mi. Ká ní mo lò ó tán, ì bá dúró."

Ettore dé bírò náà, ó fi í sápò àyà tirẹ̀.

Fathiyyah nu gbogbo rẹ̀ mọ́, ó tẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì mìíràn ní gbígbẹ, sípánà ọ̀lẹ ké "táà" níye ìgbà tó yẹ. Katakata náà ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Adébíyìí ti pa dà sí magazzino. Ṣìkẹ́mi ní kí ó lọ bẹ Ettore, Adébíyìí ní ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀. Bí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá jókòó jẹun lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni bá fẹnu kan katakata, á fọwọ́ lu àpò àyà rẹ̀ pẹ́pẹ́.

"Ọmọ yẹn kò lè nù ún tán," á ní. "Èyí tó kù nínú gọ́ọ̀mù mi ló ṣì di ẹ́ńjìnnì yẹn mú."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ohun tí wọ́n fi ń dí nǹkan, kí lẹ rò pé a lè fi dí ẹnu rẹ̀?